Mo Tẹ Ẹyọ Kan, Gbogbo Wọn Dáhùn

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi: kí ló ń mú kí ohun tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí kọ̀ǹpútà ṣe é gbé lọ síbòmíràn, kí a lò ó lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá, láìtún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe kóòdù tí à ń tẹ̀ ní ìlà-ìlà ni mo ní lọ́kàn. Àwọn ayíká tí a ti ń fi àpótí àti wáyà ya ètò ni mò ń sọ, pàápàá Pure Data, ètò kan tí a fi ń ṣe ohùn àti orin, tí àwa tí à ń lò ó ń pè ní Pd. Níbẹ̀, gbangba ni ohun gbogbo wà. Ẹ ó rí àpótí, ẹ ó rí wáyà tó so wọ́n pọ̀, ẹ ó rí bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Mo wá ń rò ó pé rírí tí à ń rí wọn yìí gan-an ló máa ń jẹ́ kí a gbà pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí kò tíì parí.

Àbúrò mi obìnrin kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọọjọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òbí wọn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, ohùn sì ni ibi tó ti ń há wọn lẹ́nu jù. Ó fẹ́ nǹkan kan tí ọmọ yóò fi máa to ohùn orúkọ ara rẹ̀: àpótí kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan, ihò mẹ́ta nínú àpótí, ọ̀kan fún dò, ọ̀kan fún re, ọ̀kan fún mí. Ọmọ á tẹ èyí tó yẹ, á sì gbọ́ ọ. Pd ló fi kọ́ ọ, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì gbé e dáadáa.

## Inú àpótí náà

Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ihò mẹ́ta yẹn, hradio ni Pd ń pè é. Bí ọmọ bá tẹ dò, hradio á sọ 0. Bó bá tẹ re, á sọ 1. Bó bá tẹ mí, á sọ 2. Nọ́ńbà yẹn á bọ́ sínú àpótí tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, á bọ́ sínú èyí tó ń fi 60 kún un, lẹ́yìn náà mtof á sọ ọ́ di iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ yóò gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: 60 di 261.6, 62 di 293.7, 64 di 329.6. osc~ ló wá ń kọrin rẹ̀. Ohùn ẹnu wa kì í dúró gbọin lórí ipele mẹ́ta báyìí o. Bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn ni ohùn ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti gbọ́ ìyàtọ̀, ó tó.

Láti òkè, inlet kan wà tó ń gba àṣẹ pé kí sílébù náà dún. Ó dún fún ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà outlet ìsàlẹ̀ á sọ fún èyí tó kàn pé ó kàn án. Nítorí náà, bí ẹ bá to àpótí mẹ́ta, tí ẹ fi wáyà so ìsàlẹ̀ ọ̀kan mọ́ orí èkejì, orúkọ onísílébù mẹ́ta ti dé nìyẹn.

Ohun tó wá mú kí ojú rẹ̀ dùn-ún wò ni èyí tí Pd ń pè ní Graph-On-Parent. Ẹ ó tẹ ojú ewé fáìlì náà ní ọ̀tún máúsì, ẹ ó yan Properties, ẹ ó sì fàmì sí i. Onígun mẹ́rin pupa kan á yọ. Bọ́tìnnì, sílàídà tàbí hradio tó bá bọ́ sínú onígun pupa yẹn nìkan ni ẹni tó lo àpótí náà yóò rí. Gbogbo wáyà, gbogbo ìṣirò, gbogbo ìlọ́po àti ìròpọ̀, a fi pamọ́. Olùkọ́ kò rí mtof, ọmọ kò rí osc~. Ihò mẹ́ta péré ni wọ́n rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ló ṣe yẹ kó rí fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tó kàn fẹ́ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

## Ojú ń sọ tiẹ̀, etí ń sọ tiẹ̀

Alẹ́ ọjọ́ kan ló pè mí lórí fídíò, ó sì gbé ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn mí. Ó ti to àpótí mẹ́ta fún Àdùkẹ́. Mo rí i kedere: èkíní wà lórí dò, èkejì wà lórí dò, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi máúsì gbé ẹ̀kẹta sórí mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ná.”

Ó tẹ bọ́tìnnì òkè. Mí, mí, mí. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń pe “Ádúkẹ́”. Ó gbé ẹ̀kẹta wá sórí re, ó tún tẹ̀ ẹ́. Re, re, re.

“Ẹ rí i? Ojú ń sọ tiẹ̀, etí ń sọ tiẹ̀. Ẹyọ kan ni mo tẹ̀, gbogbo wọn ló dáhùn.”

Mo bi í pé, “Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lo fi síbẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹyọ kan? Ìyẹn ò níṣòro rárá, Ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ, kò ṣàṣìṣe rí.”

Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Àpótí kan ṣoṣo, kò ní àbùkù. Èèyàn lè dán an wò láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní rí nǹkan kan. Ìgbà tí èkejì dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àṣìrí tú. Àṣé àbùkù kan wà tó jẹ́ pé inú ẹyọ kan kọ́ ló ń gbé. Àárín méjì ló ń gbé, kò sì sí bí a ó ṣe rí i bí a kò bá gbé èkejì síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú Pd, nọ́ńbà lè gba ojú wáyà kọjá, ó sì tún lè gba inú orúkọ kọjá. Ẹ ó fún hradio ní orúkọ tí yóò máa fi iṣẹ́ rán, ẹ ó sì fi àpótí receive kan síbòmíràn kó máa gbọ́ orúkọ náà. Wáyà ò sí láàárín wọn, ojú ewé sì mọ́ tónítóní. Ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Orúkọ tó wà nínú àpótí àbúrò mi ni “ohun”. Ṣùgbọ́n orúkọ nínú Pd kò mọ ààlà. Kì í ṣe inú fáìlì kan ló mọ, kì í ṣe inú àpótí kan ló mọ. Gbogbo ohun tó wà ní ṣíṣí nínú Pd náà ló ń gbọ́ ọ. Bí èèyàn bá dúró láàárín agbo ilé tó pariwo “Ìyá Ìbejì!”, tí ìyá ìbejì mẹ́rin sì ń gbé níbẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa yọrí síta. Kò sí èyí tó ṣe ohun tí kò tọ́ nínú wọn.

Kódà, nígbà tó ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tuntun yìí, ihò tí ó tẹ̀ nínú ọ̀kan ń yí ohùn èkejì padà. Ojú ewé méjì tí kò mọ ara wọn rí.

## Orúkọ tí ilé sọ ọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Miller Puckette, ẹni tó kọ Max, ètò alápòótí àti wáyà tó ṣáájú Pd, ní IRCAM, ilé ìwádìí orin kan ní Paris, láàárín ọdún 1980 sí 1989, tó sì wá bẹ̀rẹ̀ Pd ní àárín ọdún 1990 sí 1999, ti fi ìdáhùn sílẹ̀ fún wa: àmì $0. Nígbàkígbà tí Pd bá gbé àpótí kan dìde láti inú fáìlì, ó máa ń fún un ní nọ́ńbà kan tí kò sí lọ́wọ́ àpótí mìíràn. $0 ló dúró fún nọ́ńbà yẹn. Bí ẹ bá kọ $0-ohun, nínú àpótí kan ó lè di 1005-ohun, nínú èkejì kó di 1006-ohun. Ohun kan náà ni a kọ sínú fáìlì, àmọ́ àpótí kọ̀ọ̀kan ń ké pe ara rẹ̀ nìkan.

Àtúnṣe náà kò le. Àbúrò mi ṣí silebu.pd, fáìlì tó kọ́ àpótí náà sí, ó tẹ hradio ní ọ̀tún máúsì, ó lọ sí ibi tí a kọ orúkọ ìránṣẹ́ sí, ó fi $0 àti àmì ìsopọ̀ síwájú “ohun”. Ó ṣe bákan náà sí receive. Ó tọ́jú fáìlì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lójú ewé yí padà láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kan wọn. Ó tún ohùn wọn tò, ó sì tẹ bọ́tìnnì òkè: dò, dò, mí. “Àdùkẹ́!” Òun fúnra rẹ̀ ló pè é tẹ̀lé e.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ nǹkan tí àwọn mìíràn yóò lò: kì í ṣe ojú àpótí ló ń sọ ọ́ di ohun àtúnlò, ààlà rẹ̀ ni. Kí ló ń pa mọ́ fún ara rẹ̀? Kí ló ń gbà wọlé? Kí ló ń jẹ́ kó jáde? Onígun pupa yẹn fi wáyà pamọ́ fún ojú, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ pamọ́ fún àwọn àpótí yòókù. Ohun tí ojú kò rí kọ́ ni ohun tó ní ààlà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí pé kí wọ́n gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí wọ́n tó kun ojú ẹyọ kan ní àwọ̀.

Ohun tó yẹ kó yàtọ̀ láti àpótí kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó sọ ọ́ láti ìta. 60 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò yẹ kó wà ní kíkọ sínú. $1, tó dúró fún nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí a bá kọ tẹ̀lé orúkọ àpótí, ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí olùkọ́ lè kọ “silebu 60” fún ohùn ọmọdé, kí ó sì kọ “silebu 48” fún ohùn bàbá, èyí tó rẹlẹ̀ ní ìdajì.

## Ẹ̀dà kì í ṣe àfihàn

Àwọn kan máa bi mí pé kí ló dé tí kò kàn ṣe ẹ̀dà. Pd gbà á láyè. Ẹ lè kó gbogbo ìṣirò sínú subpatch kan, ìyẹn àpótí tí kò ní fáìlì tirẹ̀, nínú ojú ewé yín, kí ẹ sì dà á kọ ní ìgbà mẹ́wàá. Lójú, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tó wá láti inú fáìlì. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà mẹ́wàá yẹn ti di nǹkan mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá rí àbùkù kan, ẹ ó wọ inú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ tún un ṣe, ẹ ó sì gbàgbé ọ̀kan. Èyí tó tún burú ni pé gbogbo subpatch inú fáìlì kan ló ń pín $0 kan náà lò, nítorí náà $0 kò lè yọ wọ́n nínú wàhálà àárín ara wọn.

Èyí tó wá láti inú fáìlì, èyí tí Pd ń pè ní abstraction, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Fáìlì Pd, ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀, Notepad lè ṣí i. Bí ẹ bá ṣí ojú ewé àbúrò mi bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ ó rí nípa sílébù kan kò ju èyí lọ: `#X obj 30 40 silebu 60;`. Ibi tó wà, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà tí a fún un. Kò sí hradio níbẹ̀, kò sí mtof. Ó kàn tọ́ka sí ilé tí ohun náà ń gbé.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT lórí ètò kan tó ń jẹ́ Sketchpad. Kọ̀ǹpútà TX-2 ló lò, kálàmù oníná ló sì fi ń ya ìlà sójú rẹ̀. Nínú Sketchpad, èèyàn lè ya ojúlówó àwòrán kan, kó sì gbé àfihàn rẹ̀ sí ibi tó bá wù ú. Bó bá tún ojúlówó ṣe, gbogbo àfihàn á yí tẹ̀lé e. Ní ọdún 1966, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, William Sutherland, lo TX-2 yìí kan náà láti fi hàn pé ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe é yà bí àwòrán. Ó máa ń wú mi lórí pé inú ẹbí kan ni èrò méjèèjì tí mo ń sọ látòní ti jáde.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú LabVIEW, tó jáde ní ọdún 1986 fún Macintosh, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ń fi ka ìwọ̀n nínú yàrá ìwádìí, a lè tọ́jú bọ́tìnnì tàbí òǹkà sínú fáìlì tirẹ̀, kí a sì sọ ọ́ di type definition. Ẹni tó bá yí fáìlì náà padà ti yí gbogbo ibi tó wà padà. Ibi tí a bá dé, ìbéèrè kan náà ló ń dúró dè wá: ẹ̀dà ni, àbí àfihàn?

## Ohun tí àpótí ń rántí

Ọgbọ́n àfihàn ní ibi tó ti ń ni èèyàn lára. Ọmọ kan to orúkọ rẹ̀ tán, inú rẹ̀ dùn, àbúrò mi tọ́jú ojú ewé náà. Nígbà tó ṣí i ní Sátidé tó tẹ̀lé e, gbogbo ihò ti padà sí dò. Ẹ wo ìlà tí mo kọ sókè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ibo ni a kọ ọ́ sí nínú rẹ̀ pé ọmọ tẹ mí? Kò síbẹ̀. Ojú ewé kò rántí ju orúkọ àti nọ́ńbà tí a fún un lọ.

Láti ẹ̀dà 0.49, tó jáde ní ọdún 2018, Pd ti ní àpótí kan tó ń jẹ́ savestate. Bí ojú ewé bá fẹ́ wọ inú ìtọ́jú, savestate á sọ fún àpótí yín pé kó wí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á kọ ọ́ mọ́ ìlà àfihàn yẹn. Bí a bá sì tún ṣí i, á dá a padà. Lójú tèmi, nǹkan kékeré yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo àwọ̀ àti ìrísí lọ. Ọmọ tó to orúkọ rẹ̀ tí kò bá a mọ́ kò ní í gbẹ́kẹ̀ lé irinṣẹ́ náà mọ́, ó sì lè má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀kọ́ náà.

Mo ń sọ ọ́ nítorí pé mo ti rí irinṣẹ́ púpọ̀ fún èdè wa tí ẹnì kan kọ́ fún iṣẹ́ kan, tó dára lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ṣe é gbé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbára tí a ní kò pọ̀ tó ohun tí a lè máa ná báyìí.

## Àwọn tó ti so wáyà mọ́ ọn

Ní báyìí, olùkọ́ méjì mìíràn ti gba silebu.pd lọ́wọ́ àbúrò mi. Nígbà tó fẹ́ fi inlet kejì kún un, kí olùkọ́ lè sọ bí sílébù yóò ti pẹ́ tó, mo bẹ̀ ẹ́ pé apá ọ̀tún pátápátá ni kó fi í sí. Pd ń ka inlet láti òsì sí ọ̀tún bí wọ́n ṣe tò lójú ewé àpótí náà, nọ́ńbà yẹn ló sì fi ń rántí wáyà. Bí ó bá fi tuntun sí òsì, wáyà tó ń sọ pé “dún” nínú ojú ewé àwọn olùkọ́ yẹn yóò bá ara rẹ̀ níbi tí a ti ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ ló kù báyìí. Ó fẹ́ ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè àti ẹlẹ́yọ̀ọ́ròdò kún dò, re, mí, kí ihò di márùn-ún. Nínú, ìlọ́po méjì ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, torí 3 máa di ohùn kan tó ga ju mí lọ. Ó ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ohùn sì máa yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè tàbí láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìyẹn, ọ̀rọ̀ inú ni, ó lè tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n dò gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ 0, re 1, mí 2, nítorí àwọn orúkọ tí àwọn ọmọ ti tọ́jú. Tuntun méjèèjì á gba 3 àti 4, wọn á sì wà ní ìparí, ì báà jẹ́ pé ibòmíràn ni olùkọ́ ohùn ì bá fi wọ́n sí.

Ìwọ̀n ojú rẹ̀ náà ti di ohun tí àwọn ẹlòmíràn gbójú lé. Àpótí tó bá gbòòrò sí i yóò gun orí ẹnìkejì rẹ̀ ní gbogbo ojú ewé tó ti wà nílẹ̀. Ihò mẹ́ta tó jẹ́ píksẹ́lì 20 níkọ̀ọ̀kan, 60 ni àpapọ̀ wọn. Ihò márùn-ún tó bá jẹ́ 12 níkọ̀ọ̀kan, 60 náà ni. Mo ní kó lo 12, kó sì fi han àwọn ọmọ ní Sátidé yìí bóyá wọ́n ṣì rí i tẹ̀ dáadáa.